Ìlànà ìdápadà ọkọ̀ àlòkù

Ìlànà ìdápadà ọkọ̀ àlòkù ni àdéhùn tàbí òfin tí ó fún ẹni tí ó ra ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò rí ní ẹ̀tọ́ láti dá ọkọ̀ náà padà fún olùtajà láàárín àkókò kan, kí ó sì gba owó rẹ̀ padà, tàbí kí ó gba ọkọ̀ mìíràn dípò rẹ̀. Orísun méjì ni ẹ̀tọ́ yìí ti máa ń wá: ìlérí tí olùtajà fúnra rẹ̀ ṣe, àti òfin tí ó de olùtajà yálà ó ṣe ìlérí tàbí kò ṣe. Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ju ọkọ̀ tuntun lọ, ìbéèrè bóyá ìlérí ìdápadà tó ohun tí olùrà ń san lé e lórí jẹ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì, nítorí pé owó ọkọ̀ kan lè jẹ́ gbogbo ohun tí ìdílé kan fi pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìtumọ̀ àti àwọn orúkọ

Oríṣi ọkọ̀ àlòkù méjì ni ó wọ́pọ̀ ní ọjà Nàìjíríà. Èkíní ni ọkọ̀ tòkunbọ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí wọ́n tó kó o wọlé. Orúkọ yìí wá láti ara orúkọ tí àwọn Yorùbá ń fún ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n sì gbé wá sílé. Èkejì ni ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, yálà wọ́n rà á ní tuntun tàbí ní tòkunbọ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ wọlé.

Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sí àárín ohun mẹ́ta tí àwọn ènìyàn sábà máa ń pò pọ̀. Ìdápadà gan-an ń tú òwò ká: ọkọ̀ yóò padà sọ́dọ̀ olùtajà, owó yóò sì padà sọ́dọ̀ olùrà. Pàṣípààrọ̀ kò tú òwò ká. Olùrà yóò mú ọkọ̀ mìíràn nínú ọgbà olùtajà kan náà, owó rẹ̀ yóò sì wà lọ́wọ́ olùtajà síbẹ̀. Ní ti wáráńtì, ọkọ̀ náà dúró sọ́wọ́ olùrà, ṣùgbọ́n olùtajà ni yóò san owó àtúnṣe àwọn ẹ̀yà tí àdéhùn dárúkọ. Olùtajà tí ó bá sọ pé «ẹ lè dá a padà» lè ní èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kàn.

Ìdí tí ìlànà náà fi wà

Ní ọdún 1970, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, George Akerlof, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó fi ọjà ọkọ̀ àlòkù ṣe àpẹẹrẹ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí olùtajà bá mọ̀ nípa ọjà ju olùrà lọ. Olùtajà mọ àléébù ọkọ̀ rẹ̀. Olùrà kò mọ̀ ọ́n. Nítorí pé olùrà kò lè ya ọkọ̀ tí ó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára, iye tí ó bá ọkọ̀ agbede méjì mu ni yóò fẹ́ san. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dára kò ní gba iye bẹ́ẹ̀. Yóò mú ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́jà. Bí àwọn ọkọ̀ tí ó dára bá ṣe ń kúrò, bẹ́ẹ̀ ni iye tí àwọn olùrà ń fẹ́ san yóò máa já wálẹ̀, títí tí ọkọ̀ burúkú yóò fi gba ọjà kan. Akerlof, Michael Spence àti Joseph Stiglitz ni wọ́n jọ gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní ọdún 2001 fún iṣẹ́ wọn lórí irú ọjà báyìí.

Ìlérí ìdápadà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oògùn àìsàn yìí. Olùtajà tí ọkọ̀ rẹ̀ dára lè ṣe ìlérí náà láìbẹ̀rù, nítorí pé ènìyàn díẹ̀ ni yóò dá ọkọ̀ rẹ̀ padà. Olùtajà ọkọ̀ burúkú yóò pàdánù bí ó bá ṣe irú ìlérí kan náà. Nítorí náà, ìlérí yìí ń sọ ohun kan fún olùrà nípa ọkọ̀ kí ó tó san owó. Ṣùgbọ́n èyí rí bẹ́ẹ̀ kìkì níbi tí ó bá ṣeé ṣe láti mú olùtajà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Níbi tí kò bá sí ẹni tí ó lè fi ipá mú un, ìlérí kò ná olùtajà ọkọ̀ burúkú ní kọ́bọ̀, kò sì sọ ohunkóhun fún olùrà.

Òfin ní Nàìjíríà

Òfin títa ọjà

Òfin Títa Ọjà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1893, ni ìpìlẹ̀ òfin rírà àti títà ní Nàìjíríà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́ ṣe òfin tirẹ̀ tí ó tẹ̀lé e pẹ́kípẹ́kí ní ọdún 1959, àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n yọ láti ara rẹ̀, tí Oǹdó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, sì jogún rẹ̀. Lábẹ́ òfin yìí, bí àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, àdéhùn títa ọjà ní àwọn májẹ̀mú wọ̀nyí nínú: pé olùtajà ní ẹ̀tọ́ láti ta ọjà náà; pé ọjà náà bá àpèjúwe rẹ̀ mu; pé ó tó fún iṣẹ́ tí olùrà sọ fún olùtajà pé òun fẹ́ fi ṣe, bí olùrà bá gbára lé ìmọ̀ olùtajà; àti pé ó jẹ́ ojúlówó ọjà tí ó ṣeé tà, bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tí ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rà á.

Ohun mẹ́ta ni ó máa ń dín agbára ẹ̀tọ́ yìí kù. Bí olùrà bá ti yẹ ọkọ̀ wò, kò lè fi àléébù tí ó yẹ kí àyẹ̀wò náà fi hàn án ṣe ẹjọ́ pé ọkọ̀ kì í ṣe ojúlówó. Bí ó bá ti gba ọkọ̀ náà mọ́ra, tàbí tí ó pa á mọ́ kọjá àkókò tí ó tọ́ láìsọ ohunkóhun, kò lè kọ̀ ọ́ mọ́. Owó ìtanràn nìkan ni ó lè béèrè. Òfin yìí sì tún gba olùtajà láyè láti fi àdéhùn yọ àwọn májẹ̀mú náà kúrò.

Ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì fi hàn bí ilé ẹjọ́ ṣe ń wo ọkọ̀ àlòkù. Nínú ẹjọ́ Bartlett àti Sidney Marcus ní ọdún 1965, wọ́n ti sọ fún olùrà pé kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ Jaguar kan nílò àtúnṣe, ó sì gbà kí wọ́n dín owó ọkọ̀ náà kù nítorí rẹ̀. Nígbà tí àtúnṣe náà gba owó tí ó pọ̀ ju bí ó ti rò lọ, ilé ẹjọ́ sọ pé kò ní ẹjọ́ kankan, nítorí pé ọkọ̀ àlòkù tí ó ṣeé wà láìséwu kò di ọjà burúkú nítorí pé ó nílò àtúnṣe. Nínú ẹjọ́ Crowther àti Shannon Motor ní ọdún 1975, ọ̀rọ̀ rí lọ́nà mìíràn: ẹ́ńjìnnì Jaguar mìíràn dákú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ilé ẹjọ́ sì gbà pé ọkọ̀ náà kò yẹ fún ìrìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti tà á. Àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà máa ń gbé irú ìdájọ́ báyìí yẹ̀ wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dè wọ́n.

Ọkọ̀ tí olùtajà kò ní ẹ̀tọ́ láti tà

Ibi tí ẹ̀tọ́ olùrà ti lágbára jù lọ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ọkọ̀. Nínú ẹjọ́ Akoshile àti Ogidan ní ọdún 1950, ọkọ̀ tí olùrà kan rà já sí ọkọ̀ olè, ọlọ́pàá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ pàṣẹ kí olùtajà dá owó rẹ̀ padà. Ìdájọ́ yìí bá ti Rowland àti Divall mu, tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1923, níbi tí olùrà ti gba gbogbo owó rẹ̀ padà lẹ́yìn tí wọ́n ti lo ọkọ̀ náà fún oṣù mélòó kan. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí olùrà sanwó fún ni ìní, kì í ṣe ìlò lásán. Bí kò bá sí ìní, kò rí nǹkan kan gbà. Nítorí náà, olùrà kò nílò ìlérí ìdápadà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ mélòó kan tí ìlérí olùtajà dá kò sì lè fi òpin sí i.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018

Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti Ìjọba Àpapọ̀, ti ọdún 2018, ni ó dá Àjọ FCCPC sílẹ̀ láti rọ́pò Ìgbìmọ̀ Ìdáàbòbò Oníbàárà tí ìjọba ológun fi òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 1992. Abala 117 ní kí ẹni tí ń ta ọjà tí wọ́n ti tún ṣe tàbí tún tò sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà ní gbangba. Abala 131 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó dára, tí ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí yóò sì lálòpẹ́ fún àkókò tí ó bójú mu.

Abala 122 ni ó sọ̀rọ̀ ìdápadà gan-an. Yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ tí òfin mìíràn ti fún oníbàárà láti dá ọjà tí ó ní àléébù tàbí tí ó léwu padà, ó lè dá ọjà padà kí ó sì gba owó rẹ̀ pé pérépéré ní ọ̀nà méjì: bí ó bá ti sọ ohun tí ó fẹ́ fi ọjà náà ṣe fún olùtajà, tí ọjà náà kò sì tó fún un, tàbí bí kò bá ní àǹfààní láti yẹ ọjà wò kí wọ́n tó gbé e wá, tí ọjà náà kò sì bá àpèjúwe tàbí irú ohun tí àdéhùn ń retí mu. Ní ọ̀nà méjèèjì, láàárín àkókò tí ó bójú mu ni olùrà gbọ́dọ̀ ti ṣe é. Òfin kò dárúkọ iye ọjọ́.

Àjọ FCCPC ti kìlọ̀ fún àwọn oníṣòwò pé gbólóhùn «a kì í dá owó padà» tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára rìsíìtì kò lè mú ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníbàárà kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ tàbí òwò rẹ̀ jẹ́ ọjà títà ni òfin yìí dojú kọ. Aládùúgbò tí ó ta ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó ń lò fúnra rẹ̀ kì í ṣe oníṣòwò ọkọ̀, nítorí náà ẹ̀tọ́ tí ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní kò tó ti ẹni tí ó rà á ní ọgbà ọkọ̀.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti ń gba èbúté Kùtọnu kọjá, òfin tí wọ́n jogún lọ́wọ́ Faransé fún olùrà tí ó bá rí àléébù tí ó fara pamọ́ ní yíyàn méjì: kí ó dá ọjà padà kí ó gba owó rẹ̀, tàbí kí ó mú ọjà náà kí ó gba díẹ̀ nínú owó rẹ̀ padà. Ó gbọ́dọ̀ gbé ìgbésẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó bá rí àléébù náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Nítorí náà, ọmọ Nàìjíríà tí ó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pàdánù rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, yóò sì ṣòro fún un láti kọjá ẹnubodè padà lọ gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Òfin Ẹ̀tọ́ Oníbàárà ti ọdún 2015 fún ẹni tí ó ra ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kọ ọjà tí ó ní àléébù, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Ọkọ̀ àlòkù wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, olùtajà ní àǹfààní láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí àtúnṣe náà kò bá yanjú rẹ̀, olùrà ṣì lè kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè yọ owó ìlò kúrò nínú owó ọkọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òfin fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta láti yí ọkàn padà lórí ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀: òfin ọjọ́ mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ ṣe kò kan ọkọ̀ tí ènìyàn rà ní ọgbà oníṣòwò. Ohun tí ìjọba àpapọ̀ béèrè ni pé kí oníṣòwò lẹ ìwé mọ́ fèrèsé ọkọ̀ àlòkù láti sọ bóyá ó ní wáráńtì tàbí wọ́n ń tà á bí ó ti rí. Ní ìpínlẹ̀ California, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2006 ní kí àwọn oníṣòwò fún olùrà ọkọ̀ àlòkù tí owó rẹ̀ kò tó 40,000 dọ́là ní àǹfààní láti ra ẹ̀tọ́ ìdápadà ọlọ́jọ́ méjì. Olùrà ni ó ń san owó ẹ̀tọ́ náà. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ta ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Carvana, fi ìdápadà ọlọ́jọ́ méje kún òwò wọn, nítorí pé olùrà kì í rí ọkọ̀ kí ó tó sanwó.

Èrè rẹ̀ fún olùrà

Iye tí ìlérí ìdápadà tó wà lọ́wọ́ ohun mẹ́ta: bí ó ti ṣeé ṣe tó kí ọkọ̀ ní àléébù tí ó fara pamọ́, bí ó ti ṣeé ṣe tó kí àléébù náà fara hàn kí ọjọ́ ìdápadà tó pé, àti bí ó ti dájú tó pé olùtajà yóò san owó.

A lè fi ìṣirò àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé rẹ̀. Kí a gbà pé ọgbà kan ta ọkọ̀ ní ₦4,150,000 pẹ̀lú ìdápadà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, tí ọgbà kejì sì ta irú rẹ̀ ní ₦4,000,000 láìsí ìlérí. Kí a gbà pé ọkọ̀ kan nínú márùn-ún irú wọn ní àléébù tí àtúnṣe rẹ̀ yóò gba ₦900,000. Ìpín kan nínú márùn-ún ₦900,000 jẹ́ ₦180,000, èyí tí ó ju ₦150,000 tí olùrà fi kún owó lọ. Ìlérí náà wá dà bí ohun tí ó lérè. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìdajì àwọn àléébù náà ni yóò fara hàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, iye ìlérí náà yóò já sí ₦90,000. Bí ó bá sì jẹ́ pé olùtajà méjì nínú mẹ́ta ni yóò san owó láìjà, yóò kù sí ₦60,000. Bí olùrà bá sì ní láti san owó ọkọ̀ agbẹ́rù láti gbé e padà, yóò tún dín kù sí i.

Ní ìfiwéra, mẹ́káníìkì tí kò ní àjọṣe pẹ̀lú olùtajà lè rí púpọ̀ nínú àwọn àléébù wọ̀nyí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ olùrà: ẹ́ńjìnnì tí ń mu ọ́ìlì, jíà tí ń yọ̀, ara ọkọ̀ tí wọ́n ti jó mọ́ra lẹ́yìn jàǹbá, ẹrẹ̀ àti ìpẹtà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí ó fi hàn pé omi ti bo ọkọ̀ náà rí. Ẹni tí ó ṣì di owó rẹ̀ mú kò nílò láti bẹ ẹnikẹ́ni. Níbi tí àyẹ̀wò bá ti ṣeé ṣe, àyẹ̀wò ni ó máa ń lérè jù. Ìlérí ìdápadà jẹ́ àfikún fún ohun tí ojú àti etí mẹ́káníìkì kò lè rí ní wákàtí kan, bí àpẹẹrẹ, ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná lódì àfi lẹ́yìn ìrìn jíjìn. Níbi tí àyẹ̀wò kò bá ṣeé ṣe, bíi ti ọkọ̀ tí wọ́n rà láti ọ̀nà jíjìn, ìlérí tí a kọ sílẹ̀ níye lórí gidigidi.

Ìlérí náà tún lè ṣe ìpalára. Olùrà tí ó gbọ́kàn lé e lè fo àyẹ̀wò. Ó sì lè rò pé ọjọ́ mẹ́ta tí olùtajà fún òun ni gbogbo ẹ̀tọ́ òun, kí ó sì dákẹ́ nígbà tí àléébù ńlá bá yọjú ní ọjọ́ kẹwàá, bẹ́ẹ̀ òfin ṣì lè gbè é.

Ní Etikan àti etí òkun Ìlàjẹ

Etikan wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní agbègbè odò àti ọ̀sà tí ó bá Òkun Àtìláńtíìkì pààlà. Igbókòdá, tí ó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, ni ibi tí ọ̀nà orí ilẹ̀ àti ọ̀nà omi ti pàdé. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń dé ọ̀pọ̀ lára àwọn ìletò agbègbè yìí. Èyí ń yí ìṣirò ìdápadà padà ní ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní ni àkókò. Bí olùrà bá fi ọkọ̀ rẹ̀ sí orí ilẹ̀ tí ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé, ọjọ́ ìdápadà ń ka lọ nígbà tí kò sí nídìí ọkọ̀ rárá. Ìlérí tí wọ́n fi kìlómítà kà, tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí olùrà kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà, sàn fún un ju èyí tí wọ́n fi ọjọ́ kà lọ. Èkejì ni jíjìn. Bí ó bá ra ọkọ̀ ní Èkó, owó gbígbé e padà, oúnjẹ, ibùsùn àti iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ lè gbé púpọ̀ nínú owó tí ó fẹ́ lọ gbà. Ẹ̀kẹta ni iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun, tí ó máa ń mú kí irin tètè dípẹtà. Olùtajà lè sọ pé etí òkun ni ọkọ̀ ti dípẹtà. Àwòrán abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n yà ní ọjọ́ tí wọ́n rà á, tí ọjọ́ sì hàn lára rẹ̀, ni yóò yanjú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ apẹja àti awakọ̀ ojú omi, ẹ́ńjìnnì àlòkù tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi ni ohun tí ó gba owó wọn jù. Òfin kan náà ni ó kàn án, nítorí pé ọjà ni òfin dárúkọ, kì í ṣe mọ́tò nìkan. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tan nínú garawa omi lè dún dáadáa kí ó sì kọ̀ láti ti ọkọ̀ tí ó kún fún ẹrù. Nítorí náà, ojú omi, pẹ̀lú ẹrù, ni ó yẹ kí wọ́n ti dán an wò, kí wọ́n sì wo ọ́ìlì jíà rẹ̀: bí ó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀. Olùrà tí ó bá sọ fún oníṣòwò ní kedere, tí ó dára kí ó wà nínú ìwé, pé òun fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì náà gbé èrò tàbí ẹja lórí omi iyọ̀, ti fi ẹsẹ̀ ẹ̀tọ́ rẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ Abala 122. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú òkun, ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà nínú ewu, owó ìdápadà kò sì lè san án.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú àdéhùn

Ìlérí ẹnu ṣòro láti fi ẹ̀rí gbè. Àdéhùn ìdápadà tí yóò wúlò máa ń sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí lórí rìsíìtì tàbí ìwé ọ̀tọ̀:

- iye ọjọ́ tàbí kìlómítà, àti ìgbà tí kíkà bẹ̀rẹ̀;
- bóyá owó ni olùrà yóò gbà tàbí ọkọ̀ mìíràn;
- bóyá olùrà gbọ́dọ̀ fi àléébù hàn tàbí ó lè yí ọkàn padà lásán;
- iye tí wọ́n máa yọ kúrò, àti ẹni tí yóò san owó gbígbé ọkọ̀ padà;
- nọ́ńbà ẹ̀ńjìnnì àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tí ó jẹ́ àmì 17 lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti ọdún 1981, kí ó lè bá ìwé aṣọ́bodè mu;
- ọjọ́ tí owó yóò padà dé ọwọ́ olùrà.

Bí àléébù bá fara hàn, ohun tí ó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ olùrà ni kí ó dá ọkọ̀ dúró, kí ó kọ̀wé sí olùtajà lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì tún un ṣe fúnra rẹ̀ kí olùtajà tó rí i. Lílo ọkọ̀ lọ láìsọ̀rọ̀ ni ilé ẹjọ́ sábà máa ń kà sí gbígbà mọ́ra. Bí olùtajà bá kọ̀, olùrà lè fi ẹ̀sùn sun Àjọ FCCPC, tàbí kí ó lọ sí ilé ẹjọ́. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ọgbà ọkọ̀ wà, ilé ẹjọ́ ẹ̀sùn owó kékeré tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí iye rẹ̀ kò ju ₦5,000,000 lọ.